Iṣẹ́ Tí Àṣàkẹ́ Ń Rán sí Mi

Láti ìgbà tí etí mi ti di, kò sẹ́ni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Kíkọ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí mi. Ẹ lè ní kí ni ìyàtọ̀ níbẹ̀. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ẹ mọ ìyàtọ̀ níbẹ̀.

Ẹ wo Rufus, akọ̀wé ìjọ wa ní Odòsídà, níbí ní Oǹdó. Bí ọkùnrin yìí bá ń tàkúrọ̀sọ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lójúde ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń rí wọn lókèèrè tí wọ́n ń fọwọ́ lu itan, tí wọ́n ń rọ́ lu ara wọn fún ẹ̀rín. Kó wá yà sọ́dọ̀ mi báyìí, kó gba fóònù lọ́wọ́ mi láti kọ ohun tó fẹ́ wí sí i, ojú rẹ̀ á kàn le koko ni. Ohun tó máa kọ ni pé, "Ìyá wa, a kí yín ní orúkọ Olúwa. Ìpàdé yóò wáyé ní ìrọ̀lẹ́ òní." Mo máa ń wò ó títí. Ta ló ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ nílé pé oúnjẹ yóò wáyé?

Gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ Oǹdó tó ń wí "ulé" látàárọ̀ ṣúlẹ̀, bó bá ti fọwọ́ kan fóònù mi, "ilé" ló máa kọ. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá nílé ìwé girama, mo mọ èyí tó yẹ kí wọ́n kọ sínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n ìdánwò kọ́ ni mò ń ṣe nísinsìnyí. Arúgbó ni mo fẹ́ dà, àárò ẹnu ọmọ ènìyàn ń sọ mí.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í fi ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì bá mi sọ̀rọ̀, onítọ̀hún kò sì mọ̀wé rárá. Àṣàkẹ́ ni, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, Adélaní.

Ọmọ àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti pẹ́ ní Àkúrẹ́ ni. Mùsùlùmí ni wọ́n, àwo àti ìkòkò àti kúlà ló ń tà ní ọjà Ìsìkàn. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé Adélaní dé Àkúrẹ́, ó lọ ra àwo lọ́jà lọ́jọ́ kan, ó sì ń ra àwo lọ bẹ́ẹ̀ títí kò fi síbi tí yóò kó o sí mọ́. Nígbà tó mú un wálé wá hàn wá, ọmọge ni mí, ìdí mi kò ju ìkúùkù méjì lọ. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ, ì báà jẹ́ èyí tí ikun ń dà nímú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n, òun ló sì máa sọ kálukú lórúkọ tó wù ú. Àṣàkẹ́ wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Awẹ́lẹ́wà ni tèmi."

Ó ṣẹlẹ̀ pé n kò tẹ́ẹ́rẹ́ pẹ́. Mo bímọ, mo jẹun, mo di ẹni tó ń fi ẹ̀gbẹ́ wọ mọ́tò. Àṣàkẹ́ kò yí orúkọ padà. Á wò mí, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, á ní, "Awẹ́lẹ́wà, ọkọ mi, rọra jókòó, àga yẹn ò ṣe nǹkan kan fún ọ." Ó jù mí lọ, síbẹ̀ "ìyàwó mi" ni mò ń pè é. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ẹnu yà á láti gbọ́ bí àwa ọmọ ṣe ń wí "wo", ìyẹn "o" ti Oǹdó, sí ìyá wa lójú ara rẹ̀, nítorí lọ́dọ̀ tiwọn, "ẹ" ni wọ́n ń sọ fún àgbà. Ó ní bó bá ṣe pé bẹ́ẹ̀ ni Oǹdó rí, òun náà kò ní da ara òun láàmú lórí "ẹ" kankan lọ́dọ̀ tèmi. Bó ṣe di pé ó ń sọ "o" sí mi nìyẹn, tó tún ń pè mí lọ́kọ.

Nígbà tí ibà ńlá kan mú mi, tó lọ tán tó sì gbé etí mi lọ, gbogbo ènìyàn ń bẹ̀ mí pé kí n gba kádàrá. Àṣàkẹ́ kò sọ ti kádàrá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán iṣẹ́ sí mi lórí wásáàpù. Òun á máa sọ ọ́ lẹ́nu, Adélaní á máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kì í yọ ohunkóhun kúrò, bí ó ti ń bọ́ lẹ́nu ìyàwó rẹ̀ ló ń kọ ọ́. "Awẹ́lẹ́wà, mo gbọ́ pé o tún ra bàtà gogoro. Orúnkún wo lo fẹ́ fi gbé e? Bí o bá ṣubú, n kò ní gbé ọ o, ẹ̀yìn ń dùn mí. Adélaní, má kọ ìyẹn. Ó ti kọ ọ́. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ẹbí yìí." Bí mo bá ka irú èyí tán, á ṣe mí bí ẹni pé etí mi là. Mo máa ń jókòó sí gbàgede, mo máa ń dá rẹ́rìn-ín, àwọn ará àdúgbò á máa wò mí pé ó ti dé orí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Adélaní kú. Oǹdó la sin ín sí. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Àṣàkẹ́ di ọwọ́ mi mú láti ṣọ́ọ̀ṣì dé itẹ́ òkú. Ó padà sí Àkúrẹ́ láti ṣe opó. Nígbà tó yá, iṣẹ́ dé láti orí fóònù rẹ̀.

"Good morning ma. Mummy ní kí n kí yín ma. Wọ́n ní ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta ma. God bless you ma."

Ma, ma, ma. Mo wá Awẹ́lẹ́wà nínú rẹ̀, n kò rí i. Mo ní bóyá ìbànújẹ́ ni. Òmíràn dé: "Good evening Aunty. Mummy ní ẹ ṣeun ma." Òmíràn, òmíràn, bákan náà ni gbogbo wọn. Mo mọ̀ pé Monílọ́lá, ọmọ wọn tó wà ní yunifásítì, ló ń tẹ̀ ẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n Adélaní náà ló ń tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀, ohun tí Àṣàkẹ́ bá sì wí ló ń tẹ̀. Èmi gbà pé ohun tí Àṣàkẹ́ ń wí nìyí.

Ìyẹn dùn mí ju etí lọ. Orúkọ tó sọ mí ló fi jẹ́ ìyàwó mi. Bí ó bá ti ká a kúrò lẹ́nu, tó di pé "Aunty" ló ń pè mí bíi ti ẹni tó wá ra kúlà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló tún so wá pọ̀? Ẹni tó so wá pọ̀ ti wà nínú ilẹ̀. Kò tún sí ẹlòmíràn láyé yìí tó rántí pé mo tẹ́ẹ́rẹ́ rí. Èmi náà sì nígbèéraga, ẹ má wò mí. Mo dá a lóhùn bí ó ti kí mi: "Mo dúpẹ́. Ẹ kí gbogbo ilé fún mi." Mo ní kò ní rí mi kí n máa bẹ̀ ẹ́ pé kó wá bú mi.

Bí a ṣe ń kí ara wa lọ nìyẹn, bí àwọn aṣojú ìjọba. Mo ń wò ó pé màá lọ sí Àkúrẹ́, ọmọ mi Kìtán á kọ̀wé láti Àbújá pé kí n má dá ọ̀nà náà rìn, pé bí wọ́n bá fun fèrè mọ́tò lẹ́yìn mi n kò ní gbọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n fèrè mọ́tò kọ́ ni mò ń sá fún. Ojú Àṣàkẹ́ ni, pé kí n débẹ̀ kó sì kí mi ní "Aunty, ẹ káàbọ̀."

Ọjọ́ kan, mo ń ṣa ẹ̀fọ́ lọ́wọ́, fóònù gbọ̀n lára mi.

"Good afternoon ma. Mummy ní kí n sọ fún yín pé àwọn máa kó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní Sátidé yìí. Wọ́n ní ẹ ṣeun fún gbogbo oore yín. God bless you ma."

Mo fi ẹ̀fọ́ sílẹ̀. Mo kọ ọ́ padà pé, "Ó dára. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ̀nà." Mo ṣe é bí ẹni pé kò kàn mí. Mo se ọbẹ̀ náà, mo gbé e kalẹ̀, mo sì dé e padà láìtọ́ ọ wò. Kí n má tan ara mi, mo fẹ́ràn obìnrin yìí ju ọ̀pọ̀ ọmọ ìyá mi lọ. Bí ó bá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láìjẹ́ pé mo rí i, ó parí nìyẹn, ẹnu tó ń pè mí ti lọ.

Àárọ̀ Sátidé, mo wọ mọ́tò Àkúrẹ́. Àwọn èrò ń jiyàn láàárín ara wọn, ẹnu wọn ń lọ sókè sódò, èmi sì jókòó sáàárín wọn bí ẹrù. A kọjá Bọ́lọ́rundúró, a kọjá Ọ̀wẹnà. Mò ń to ohun tí mo fẹ́ sọ, mò ń tú u ká, mò ń tún un tò. Bí mo bá fẹ́ bẹ̀bẹ̀, inú á bí mi. Bí inú bá bí mi tán, ẹkún á fẹ́ gbọ̀n mí.

Ọkọ̀ akẹ́rù ti wà níwájú ilé wọn ní Òkè-Àró nígbà tí mo dé. Ràhímù, àbúrò Àṣàkẹ́ tó wá gbé e láti Ògbómọ̀ṣọ́, ń fi okùn di bẹ́ẹ̀dì mọ́ àwọn kúlà. Àṣàkẹ́ jókòó lórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ó ti rù, ìborùn bo èjìká rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Nígbà tí òjìji mi bọ́ sí i lẹ́sẹ̀, ó gbójú sókè.

Ẹni tí etí rẹ̀ bá di, ẹnu ló máa ń wò. Mo rí i tí ètè rẹ̀ là, tí ó sún jọ, tí ó là, tí ahọ́n rẹ̀ kan òkè ẹnu, tí ètè náà tún sún jọ tí ó sì là gbàgà. Kò sí orúkọ méjì tó máa rí bẹ́ẹ̀ lẹ́nu Àṣàkẹ́. Awẹ́lẹ́wà ló pè.

Inú bí mi. Mo ní, "Ta lò ń pè bẹ́ẹ̀? Ṣé èmi kọ́ ni Aunty?"

Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ọwọ́ ń lọ, ọwọ́ ń bọ̀, ó nàka sí mi, ó nàka sí ọ̀run, ó ká ìborùn rẹ̀ sọ́rùn. N kò gbọ́ ọ̀kan. Monílọ́lá jáde láti inú ilé pẹ̀lú báàgì lórí, ó kúnlẹ̀ kí mi. Mo na fóònù sí i, mo ní, "Kọ ohun tí ìyá rẹ ń wí fún mi." Ó gbà á, ó tẹ̀ ẹ́, ó dá a padà fún mi.

"Mummy ní ẹ káàbọ̀ ma."

Mo wo Àṣàkẹ́. Ẹnu rẹ̀ kò tíì dúró. Mo wo ọmọ náà. Mo ní, "Gbogbo èyí tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ yìí, ẹ káàbọ̀ nìkan ni?"

Ọmọ náà kò wò mí lójú. Mo ní, "Kọ ọ́ bó ṣe wí i." Ó mi orí. Mo tún un sọ. Ó gba fóònù, ó pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán, nígbà tó sì dá a padà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló fi mú un.

"Ẹ má bínú ma. Mi ò lè kọ ọ́ báyẹn. Àbúrò Daddy mi ni yín. Orúkọ tí Mummy ń pè yín, ìyàwó ilé ló ni ín, kò tọ́ kí èmi ọmọ pè é. Àti pé wọ́n máa ń bú yín ma. Wọ́n ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ."

Mo jókòó sórí àpò kan tó wà nílẹ̀. Ọmọ náà kò ṣe àṣìṣe kankan. Ilé ire ló ti jáde, ohun tí a kọ́ ọ ló ṣe. Adélaní lè kọ "Awẹ́lẹ́wà" sí mi, nítorí ọkọ ló ń kọ ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ní ó rí mi fín. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá rán sí àgbà, iṣẹ́ náà ì báà le bí òkúta, fífọ̀ ló máa fọ̀ ọ́ kó tó gbé e kalẹ̀. Ó ti fọ̀ ọ́ títí kò fi kù síbẹ̀ mọ́.

Mo sọ fún Àṣàkẹ́ pé ẹ káàárọ̀ ma àti God bless you nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ mi láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti kú. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lérí. Ó sọ nǹkan kan, ọmọ náà sì kọ ọ́ pé Mummy ní òun náà rò pé ẹ ti gbàgbé òun ni, nítorí gbogbo èsì yín kò ju kí ẹ kí gbogbo ilé.

Mo ní, "Monílọ́lá, kí ló máa ń sọ? Kọ èyí tí o bá rántí."

Ó jókòó tì mí. Ó kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, mò ń kà á bó ṣe ń jáde.

"Ọjọ́ kan wọ́n ní, Awẹ́lẹ́wà, mo bu oúnjẹ sí àwo méjì lónìí kí n tó rántí."

"Kí lo wá kọ sí mi?"

"Mo kọ ọ́ pé, Mummy ní ṣé ẹ ti jẹun ma."

Mo rántí èyí náà. Mo ti dáhùn pé mo ti jẹun.

"Ọjọ́ ọdún Iléyá wọ́n ní, Awẹ́lẹ́wà, ẹran wà o, ta ni kí n bá jà lórí ìfun? Mo kọ ọ́ pé, Happy Sallah from all of us ma."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, n kò sì rí i rín. Ọmọ náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó tún kọ ọ́.

"Ti ọjọ́ yẹn, tí Uncle Ràhímù ní kí wọ́n máa bọ̀ nílé. Wọ́n ní, Awẹ́lẹ́wà, bí o bá wà láyé, wá di aṣọ mi mú kí n má lọ. Bí o kò bá wá, n ó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n rẹ nìkan ni mo fẹ́, n kò fẹ́ ilé yín rí."

Kò kọ ohun tó sọ ọ́ dà. Mo mọ ohun tó sọ ọ́ dà, mo sì mọ ohun tí mo fi fèsì. Ó dára, Ọlọ́run á ṣọ́ ọ̀nà. Mo sunkún níbẹ̀, lójú Ràhímù àti àwọn tó ń gbẹ́rù. Mo ní, "Ìyókù ńkọ́? Ó tó ọdún méjì." Ó kọ ọ́ pé òun kò rántí mọ́ ma. Mo bi Àṣàkẹ́, òun náà mi orí. Ta ní ń tọ́jú ohun tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde?

Mo bá di aṣọ rẹ̀ mú. Mo ní, "Ìyàwó mi, má lọ. Yàrá wà ní Oǹdó. Wá máa bú mi níbẹ̀."

Ràhímù dá ọwọ́ dúró lórí okùn. Àṣàkẹ́ rọra sọ̀rọ̀, ó ń wo ojú mi. Mo rí i tí ìka Monílọ́lá dúró lókè fóònù náà, tí ó wo ìyá rẹ̀, tí ó wá wò mí, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́.

"Awẹ́lẹ́wà, olórí kunkun, o pẹ́. Mo ti fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ìyá mi tó ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ ti gbá yàrá kalẹ̀, wọ́n ní láti àná ló ti gbé àga sẹ́nu ọ̀nà. Arúgbó kùjọ́kùjọ́ ni, ta ló máa sọ fún un pé kó dìde wọlé, pé n kò wá mọ́? Ká ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá lo wá ni. Mo ń lọ. N kò fẹ́ lọ."

Ọ̀rọ̀ náà korò, mo sì tún un kà, nítorí ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bá mi sọ̀rọ̀. Mo tú ọwọ́ mi kúrò lára aṣọ rẹ̀. Èmi náà ní ìyá rí.

A ṣètò rẹ̀ kí wọ́n tó gbéra. Monílọ́lá kò bá wọn lọ, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló máa wà ní Àkúrẹ́. Ìyá rẹ̀ á máa pè é lórí fóònù láti Ògbómọ̀ṣọ́, òun á sì máa kọ ọ́ sí mi. Mo ní, "Nígbà tí o bá ń kọ ọ́, ìwọ kọ́ lò ń pè mí. Ìyá rẹ ni. Bó bá bú mi, kọ èébú náà tán." Ó kúnlẹ̀, ó kọ ọ́ pé ó yé òun.

Àṣàkẹ́ gun iwájú ọkọ̀, ó jókòó ti Ràhímù. Mo gbọ́ ìró ẹ́ńjìnì náà ní àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Bí ọkọ̀ ti ń yí, ó yọ orí lójú fèrèsé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó ń sọ ọ́ kíákíá bí ẹni tó rántí nǹkan lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti ọmọ náà léjìká, mo ní kó kọ ọ́. Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, nígbà tó yá ó ń sáré, orí rẹ̀ wà nínú fóònù, àwọn ọlọ́kadà ń yà fún un. Ọkọ̀ náà yà sí títì ńlá. Mo ṣì rí ọwọ́ Àṣàkẹ́ níta, kí ó tó di pé n kò rí i mọ́.

Monílọ́lá padà wá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó na fóònù sí mi.

"Awẹ́lẹ́wà, orúnkún yẹn, máa fi òróró pa á. Sọ fún wọn ní ilé yín pé n kò kọ̀ wọ́n. Bí èmi bá kọ́kọ́ kú, kí ẹ wá. Bí ó bá jẹ́ ìwọ lo kọ́kọ́ kú, ta ni n ó máa"

Mo ní, "Ìyókù dà?"

Ó gba fóònù náà lọ́wọ́ mi. Ó kọ ọ́ pé òun kò gbọ́ ìyókù.